Kí Lo Fẹ́ Rà Bọ̀?

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú ìwé mẹ́ta, ti ìpàdé ńlá mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ bíi tèmi máa ń lọ, ló ṣí kalẹ̀ lórí lápútọ́ọ̀pù mi tí mi ò rí èyí tí màá pa dé nínú wọn. Ìparí oṣù July ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti brightonSEO, ní ìlú Brighton ní England, ìkejì jẹ́ ti Affiliate Summit West ní Las Vegas, ẹ̀kẹta jẹ́ ti Moonshot tí àwọn TechCabal, oníròyìn tẹkinọ́lọ́jì, ń ṣe níbí ní Eko Convention Centre, Victoria Island. Alaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí iná bá sì wà, màá jókòó sí pálọ̀ wa ní Surulere, màá ka orúkọ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, màá wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, màá ṣírò ẹ̀ sí náírà, màá gbé lápútọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó tún di ọ̀la.

Owó ìpàdé kan ṣoṣo ni mo ní. Iṣẹ́ ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe fún àwọn ọlọ́jà, èmi àti àbúrò kan péré la jọ ń ṣe é, oníbàárà méje ló ń sanwó fún wa lóṣooṣù, kò sí àyè fún àṣìṣe. Gbogbo Monday ni àbúrò mi yìí máa ń bi mí pé, "Àǹtí, èwo là ń lọ?", màá ní kó fún mi lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé nínú ọkàn mi mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Tí ẹnì kan bá gbé owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò bá má lè sọ ìdí tí mo fi ń lọ sí èyíkéyìí nínú wọn.

## Owó tí kì í padà

Lọ́dún 2024 yẹn, owó físà Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là 185, láti oṣù June ọdún 2023 ni, ti England jẹ́ pọ́n-ùn 115, kí wọ́n fún ẹ o, kí wọ́n má fún ẹ o, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù June yẹn kan náà, dọ́là kan ò tíì tó 480 náírà ní báǹkì, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti lé ní 1,500. Físà Amẹ́ríkà nìkan, láìtíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, láìtíì wọ bàálù, láìtíì sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ti lé ní 270,000 náírà, ó sì tó ohun tí mo lè fi ṣe ads oṣù kan fún oníbàárà méjì.

Ìpàdé ti ilé níbí náà ò sì dá mi lójú, ojú mi ti rí nǹkan. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn mo sanwó ìpàdé kan ní Island, mi ò ní dárúkọ wọn. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé, mo gba afárá Èkó kọjá kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, aago méje ò tíì lù tí mo fi dúró lẹ́nu géètì. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, àwọn tó gbé owó kalẹ̀ fún ìpàdé yẹn ló ń bọ́ sórí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń polówó ọjà tiẹ̀ fún àwa tí a sanwó wọlé. Nígbà tó kan ìbéèrè, mo nawọ́, wọ́n gbé máìkì fún mi, mo fẹ́ béèrè nípa àwọn kọ́sítọ́mà wa tó jẹ́ pé tíráńsífà ni wọ́n fi ń sanwó, mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí wọ́n fi gba máìkì lọ́wọ́ mi pé àkókò ti lọ. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, torí láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo ti kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè kúrú kó sì yé wọn.

Mi ò tètè mọ ohun tí ọjọ́ yẹn ṣe fún mi. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti gbé ìbéèrè lọ síbi kankan mọ́, orúkọ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àti bí gbọ̀ngàn ṣe tóbi tó ni mo fi ń yan ibi tí màá lọ.

## Agolo bisikíìtì Alhaja

Alhaja ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Léèsì ni wọ́n ń tà ní Balógun, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé iná fóònù là ń tàn gùn ún. Ọjọ́ Thursday kan lóṣù August, mo lọ ya fọ́tò ọjà tuntun, bí mo ṣe ń gbé fóònù sókè sódò ni mo ní, "Alhaja, ẹ bá mi ṣàdúrà o, mo fẹ́ rin ìrìn àjò, mi ò kàn tíì mọ ibi tí màá lọ."

Wọ́n ń ká léèsì aláwọ̀ ọsàn kan lọ́wọ́. Wọ́n ní irú ìrìn àjò wo nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé ìpàdé àwa onípolówó ni, mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mi ò mọ èyí tí màá mú.

Wọn ò gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ rà bọ̀?"

Mo ní, "Ìmọ̀ ni, mà."

"Ìmọ̀ wo?"

Mo dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

"Tí èmi bá fẹ́ lọ kó ọjà," wọ́n ní, "ṣé màá kàn débẹ̀ kí n ní aṣọ ni mo wá rà? Aṣọ wo? Ti ta ni?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ káńtà, irú èyí tó ti pẹ́ tó jẹ́ pé àwòrán ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ìyá wọn ló ni ín, kí Ọlọ́hun fi Alijánnà kẹ́ wọn. Màmá yìí wà lára àwọn ọlọ́jà Èkó tó ń lọ sí Lustenau nígbà tí owó epo dé, láwọn ọdún 1970. Ìlú kékeré ni Lustenau, ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg ní Austria, lẹ́bàá Switzerland. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ tí àwa ń pè ní léèsì, láti àwọn ọdún 1960 ló ti ń wọ Nàìjíríà, àwọn ìyá wa a sì máa lọ bá wọn nílé iṣẹ́ láti sọ irú èyí tí wọ́n fẹ́ gan-an.

Àjákù aṣọ ló kún inú agolo yẹn. Alhaja mú ọ̀kan jáde, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, etí rẹ̀ ti ń tú, ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ bí ojú asẹ́. Wọ́n fi pín-ìnnì kan bébà mọ́ ọn, pín-ìnnì yẹn ti dípẹtà débi pé ó ti fi àmì pupa sílẹ̀ lára òwú. Bíírò tó wà lára bébà ti ń parẹ́ ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é kà: *Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Òwú kó nípọn jùyí lọ, ihò kó má fẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ wọn, December.* Alhaja ní ọwọ́ òun nìyẹn, òun ló máa ń bá màmá kọ ọ́ nígbà tí òun wà nílé ìwé. Gbogbo oníbàárà tó bá fẹ́ nǹkan, màmá á gba àjákù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ mọ́ ọn, wọ́n ò sì ní ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí báàgì yẹn ò bá tíì kún. Tí wọ́n bá débẹ̀, àjákù yẹn ló máa sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa yà sí, torí ẹni tó mọ ọ̀nà aṣọ olówùú nípọn ṣe lè má jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀nà èyí tó fúyẹ́.

Wọ́n dá àjákù yẹn padà sínú agolo, wọ́n bò ó, wọ́n wá wò mí lójú.

"Àjákù ta ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Àtẹ̀gùn dúdú yẹn ni mo ti rántí pé mi ò tíì ya fọ́tò tí mo torí ẹ̀ wá. Mi ò padà. Mo wọ bọ́ọ̀sì Ojúẹlẹ́gba ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí mi títí mo fi délé, torí ó yé mi lọ́gán pé owó tí mo fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, láti ara yáàdì léèsì ló ti jáde. Alhaja ló ń rán mi lọ. Oníṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé ní Tẹ́júoṣó ló ń rán mi lọ. Mi ò sì tíì bi ọ̀kan nínú wọn rí pé kí ni kí n bá yín rà bọ̀.

## Bébà méje

Lọ́jọ́ kejì mo pe àwọn méjèèje. Mo ní, tí ẹ bá lè bi ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ìpolówó dáadáa ní ìbéèrè ẹyọ kan, kí lẹ máa bi í? Bébà kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ti kálukú sí. Bàbá tó ń ta ínfátà ní Alábà ní, "Wọ́n á béèrè iye, tí mo bá ti sọ ọ́ wọ́n á dákẹ́, kí ló ń lé wọn?" Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Mushin ní ọjà ń kún fún òun lọ́wọ́ báyìí, kí n pè padà. Alhaja ní, "Èèyàn ogún ló ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp lójúmọ́, mẹ́ta ló ń rà. Nínú gbogbo ìpolówó tó ò ń ṣe, èwo ló mú àwọn mẹ́ta yẹn wá?"

Nígbà tí mo tẹ́ bébà yẹn sórí tábìlì, mẹ́rin nínú ẹ̀ jẹ́ ìbéèrè kan náà, aṣọ ara wọn ló yàtọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n gba máìkì lé lórí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí gan-an ni.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí l'Ékòó á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa láti ọ̀nà jíjìn, ó dúró lórí pé kọ́sítọ́mà á wọ wẹ́ẹ̀bù, á tẹ nọ́ńbà káàdì, á sanwó, Facebook á rí i pé ó ti sanwó, á wá lọ bá ẹ wá irú ẹ̀ sí i. Kọ́sítọ́mà Alhaja ò wọ wẹ́ẹ̀bù kankan. Láti Instagram ló ti bọ́ sí WhatsApp, ó ná ọjà, ó bọ́ sórí áàpù báǹkì, ó ṣe tíráńsífà, ó fi àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, gbogbo ibi tó ṣe pàtàkì nínú ìrìn yẹn ni Facebook ò ti rí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ cookie yẹn náà. Láti January 2020 ni Google ti ń sọ pé àwọn máa yọ cookie tí àwọn onípolówó fi ń tọ ipasẹ̀ èèyàn láti ojú ìwé kan sí òmíì kúrò nínú Chrome, wọ́n sún un láti 2022 sí 2023, sí 2024, sí 2025, ìpàdé tí mi ò ti gbọ́ orí ọ̀rọ̀ yẹn ò tó nǹkan, àìmọye alẹ́ ni mo fi wo fídíò lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù July 2024, Google ní àwọn ò yọ ọ́ mọ́. Ó dùn mí, kì í ṣe torí pé wọ́n yí ọkàn padà, iṣẹ́ wọn nìyẹn, àmọ́ torí gbogbo alẹ́ tí mo fi kọ́ ọ, kò sí oníbàárà mi kan nínú méje yẹn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní tààrà.

Mo wá jókòó ti ojú ìwé mẹ́ta yẹn pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ṣe yá. Ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń rí ẹ lórí Google ni brightonSEO, iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, àmọ́ bébà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀. Affiliate Summit wà fún àwọn tó ń bá ẹlòmíì tajà gba kọmíṣọ̀n àti àwọn tó ń wá irú wọn, ẹni tó bá ń wá alájọṣe ni kó lọ, bébà mi kankan ò béèrè alájọṣe. Moonshot gbòòrò, iṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jì ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ ló dá lé, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń fowó sí i ló pọ̀ níbẹ̀. Ìpàdé ńlá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bébà mẹ́rin yẹn ò kàn ní ilé iṣẹ́ tó máa yà sí níbẹ̀.

Nǹkan míì tó wọ̀ mí lára ni ìtàn bí àwọn ìpàdé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Pubcon, tó wá di ńlá ní Las Vegas, ní ọdún 2000 ni àwọn ará WebmasterWorld, ibi ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Brett Tabke dá sílẹ̀, lọ jókòó sílé ọtí kan, tí wọ́n ń pè ní pub, ní London, ibẹ̀ lorúkọ ọ̀hún ti wá. Yàrá òkè ilé ọtí kan ní Brighton ni Kelvin Newman náà ti bẹ̀rẹ̀ brightonSEO. Àwọn tí ìṣòro kan náà ń dà láàmú ló yí tábìlì ká, wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri pé, àwọn tí ìṣòro WhatsApp àti tíráńsífà ń dà láàmú ńkọ́, ibo làwọn máa ń jókòó sí?

## Yàrá òkè ní Yaba

Àbúrò mi ló rí i. Ìpàdé kékeré kan ni, àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp ló ń ṣe é fúnra wọn, ní yàrá òkè kan tí kò jìnnà sí ilé CcHUB, ibùdó àwọn oníṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jì, lójú Herbert Macaulay, níbi tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook yà sí ní August 2016. Kò ní orúkọ ńlá, kò ní pèpéle. A ò ju ogójì lọ, fáànù méjì ló ń yí, àga rọ́bà la jókòó lé. Bébà mẹ́rin wà nínú báàgì mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta bàtà ló dá mi lóhùn. Kì í ṣe orí máìkì ló ti dá mi lóhùn, ìgbà tí wọ́n ń pín ìpápánu ni mo lọ bá a, mo ka bébà Alhaja sí i létí bó ṣe wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi náà sunkún lórí ìyẹn," ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ.

Tó o bá ṣe ads tó ń darí èèyàn sí WhatsApp, àyè wà láti kọ ọ̀rọ̀ tó máa ti wà nílẹ̀ kí kọ́sítọ́mà tó tẹ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n yìí ń kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìpolówó kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá ní "Ẹ ǹlẹ́ o, mo rí bàtà dúdú yẹn", òmíì á ní "Bàtà dúdú yẹn ńkọ́, ó ṣì wà?", bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá ṣe wọlé ó ti mọ ìpolówó tó ti wá. Ó wá máa ń fi lébẹ́ẹ̀lì WhatsApp Business sí orí kálukú, ẹni tó béèrè, ẹni tó ṣèlérí, ẹni tó sanwó. Ní alẹ́ Sátidé á ka àwọn tó sanwó lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fún un láyè, á fi nọ́ńbà ẹ̀ sínú lísìtì tó ń fún Facebook kó lè bá a wá irú wọn. Mo bi í bóyá ó máa ń gba àṣẹ lóòótọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà tí òfin ààbò dátà ti jáde lọ́dún 2023 ni òun ti ń béèrè kí òun tó ṣe é, ìyẹn sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí i.

Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo bi í ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe lójú mi, ó sì fi ibi tó ti ṣì í ṣe fún oṣù méjì hàn mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti fi àìmọye wákàtí wo fídíò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó dúró dè mí kí n tún béèrè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é fún Alhaja, ìpolówó márùn-ún. Fídíò tí mo fi ọjọ́ méjì ṣe, tí orin wà nínú ẹ̀, tí mo fẹ́ràn bí ọmọ, èèyàn 64 ló mú wá, méjì ló rà. Fọ́tò léèsì tí wọ́n ká sórí káńtà, tí mo kọ iye owó yáàdì márùn-ún sí lára, èèyàn 19 ló mú wá, mẹ́jọ ló sanwó. Mo wo nọ́ńbà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin yìí, mo sì ti ń ná èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ sórí fídíò. Mo gbé e lọ fún wọn ní Balógun, mo sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀ àná mọ́, kí n kọ iye owó sí ara ìyókù.

## Brighton ṣì wà nílẹ̀

Àwọn kan tí mo sọ fún ti ń sọ pé ṣé ẹ rí i, kò sídìí láti lọ sí òkè òkun. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Màmá Alhaja lọ sí Lustenau torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wà, tó bá jẹ́ Ìṣẹ́yìn ni ohun tí àjákù ọwọ́ wọn ń béèrè wà, Ìṣẹ́yìn ni wọn ò bá yà sí. Bébà kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí Yaba ò lè dáhùn, òun náà ti ọwọ́ Alhaja wá, ìbéèrè kejì tí wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́: àwọn ọmọ wa ní London ń wá léèsì lórí Google, wọn ò rí tiwa, ilé ìtajà tó wà ní Peckham níbẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ìbéèrè Brighton nìyẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ yí i.

Àmọ́ bébà kan ò tó owó bàálù, ìyẹn ni mo sọ fún àbúrò mi lọ́jọ́ Monday. Mo ti pa ojú ìwé méjì dé. Ti Brighton ṣì ṣí, torí wọ́n á tún ṣe òmíì lóṣù April, mo sì ń retí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ Mushin, wọ́n ní àwọn á pè mí lálẹ́ Sátidé tí àwọn bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n ní ìbéèrè tiwọn gùn, kí n ní bébà tó tó lọ́wọ́.